Ojú Mẹ́rìndínlógún Àgbákò: Àwòrán Inú Ìwé Ìtàn àti Ojú Tí Mùsùlùmí Fi Ń Wò Ó

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀wò lónìí kò ju ọ̀rọ̀ àwòrán inú ìwé lọ, ṣùgbọ́n ó ti dá awuyewuye sílẹ̀ nínú ilé Mùsùlùmí púpọ̀ ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, láti Òmù-Àrán dé Èsìẹ́, láti Àjàṣẹ́-Ìpo dé Ìlá-Ọ̀ràngún. Ọmọ yóò mú ìwé *Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀* wálé láti ilé ìwé. Bàbá yóò ṣí i, yóò rí abàmì ẹ̀dá tí ọdẹ ń bá jà, yóò sì ké “Àúsúbíláhì!” Bàbá kan yóò ní kí ọmọ dá ìwé náà padà. Òmíràn yóò fi bébà lẹ ojú àwòrán náà pa. Òmíràn kò ní sọ ohunkóhun, ọmọ yóò sì máa dá nìkan wo ohun tí kò yé e, títí oorun òru rẹ̀ yóò fi di ìjà.

Mo bọ̀wọ̀ fún ìbẹ̀rù àwọn òbí wọ̀nyí, nítorí pé ẹ̀sìn ọmọ wọn ni wọ́n ń ṣọ́. Ṣùgbọ́n èrò tèmi ni pé a kò gbọdọ̀ gba ìwé náà lọ́wọ́ ọmọ, a kò sì gbọdọ̀ fi ọmọ nìkan sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ohun tí ó yẹ ni kí a kọ́ ọ bí a ṣe ń ka àwòrán, gẹ́gẹ́ bí a ti fi ọ̀pá tọ́ka sí ojú wàláà fún un nílé kéwú tí a sì kọ́ ọ ní álífù àti báà. Àwòrán náà ní álífù àti báà tirẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kà, ohun tí ó bá wà lọ́kàn rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni yóò rí níbẹ̀.

Ta ni ó rí Àgbákò?

Ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó níwájú alfa tí ó ń tú hàdíìsì mọ̀ pé kí a tó gbọ́ ọ̀rọ̀ gan-an, a ó kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ àwọn tí wọ́n gbà á wá, láti ẹnu ẹnì kan dé ẹnu ẹnì kejì. Ẹ jẹ́ kí a bi àwòrán yìí ní ìbéèrè kan náà: lọ́wọ́ ta ni o ti gba ohun tí o ń fi hàn wá?

Daniel Ọlọ́runfẹ́mi Fágúnwà ni ó kọ ìwé náà. Ọmọ Òkè-Igbó ni, wọ́n bí i ní 1903, ó sì kú ní 1963. Olùkọ́ ni, Kristẹni ni pẹ̀lú. Ní 1938 ni ìwé náà kọ́kọ́ jáde ní ilé ìtẹ̀wé CMS ní Èkó, kí ilé iṣẹ́ Nelson tó gbà á tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà fún àwọn ilé ìwé. Nínú ìwé náà, òǹkọ̀wé kò sọ pé òun ni òun lọ sí igbó. Ó ní bàbá àgbàlagbà kan ni ó wá bá òun, tí ó ní kí òun mú ìwé àti kálàmù, kí òun kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí sílẹ̀. Bàbá náà ni Àkàrà-oògùn. Ọdẹ ni bàbá tí ó bí i, àjẹ́ sì ni ìyá rẹ̀.

Ní 1968, Wọlé Ṣóyínká tú ìwé náà sí èdè Òyìnbó, Bruce Onobrakpeya ni ó sì ya àwòrán inú rẹ̀. Onobrakpeya kì í ṣe Yorùbá. Ọmọ Ùròbò ni, wọ́n bí i ní Agbarha-Otor ní 1932, ó kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà ní Sááríà, ó sì ṣe olùkọ́ ní St Gregory's College ní Èkó. Òun nìkan kọ́ ni ayàwòrán ńlá tí ó ṣe irú iṣẹ́ yìí: Ben Enwonwu náà ya àwòrán sí ìwé Amos Tutùọlá kan tí ó jáde ní 1958. Àwọn àgbà ọ̀jẹ̀ wọ̀nyí kò ka àwòrán inú ìwé ìtàn sí iṣẹ́ ọmọdé.

Ẹ wá ka àwọn tí ọ̀rọ̀ náà gba ọwọ́ wọn kọjá. Àkàrà-oògùn ní òun rí Àgbákò. Òǹkọ̀wé ní Àkàrà-oògùn sọ fún òun. Ayàwòrán ka ohun tí òǹkọ̀wé kọ, ó sì fi tàdáwà ya ohun tí ó rò. Ènìyàn kẹta ni ayàwòrán, ẹni àkọ́kọ́ nínú wọn kò sì gbé ibì kan ju inú ìtàn lọ. Nítorí náà, ẹni tí ó bá na ìka sí àwòrán náà tí ó ní “Bí iwin ṣe rí nìyí,” ó ti gbé e sí ipò tí àwòrán náà kò bèèrè fún. Àwòrán náà kì í ṣe ẹlẹ́rìí. Alásọyé ni.

Orúkọ náà ni kọ́kọ́rọ́

Bí ó bá jẹ́ alásọyé, kí ni ó ń sọ àsọyé lé lórí? Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ ẹ̀dá náà. Kò sí ilé Yorùbá kan tí wọn kì í ti í gbàdúrà pé kí Ọlọ́hun má jẹ́ kí a ṣe àgbákò. Ẹni tí ó ń lọ sí Ìlọrin wọ mọ́tò, táyà bẹ́, a ní ó ṣe àgbákò. Oníṣòwò kó owó fún ẹni tí ó fọkàn tán, onítọ̀hún sá lọ, a ní ó ṣe àgbákò. Ọ̀rọ̀ inú àdúà wa ojoojúmọ́ ni Fágúnwà mú, ó fún un ní ẹsẹ̀ àti ọwọ́, ó wá fi í sínú igbó. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó ṣe sí Ẹ̀gbin, bẹ́ẹ̀ náà ni ó ṣe sí Ìmọ̀dóyè, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n bá Àkàrà-oògùn lọ sí Òkè Lángbòdó. Ìwà àti ìṣẹ̀lẹ̀ ni wọ́n kí wọ́n tó di ẹ̀dá.

Ìwé náà sọ pé irin ni Àgbákò dé sórí, idẹ ni ó wọ̀ sọ́rùn, awọ ni ṣòkòtò rẹ̀. Ẹ farabalẹ̀ wo aṣọ yìí, nítorí pé ojú ọmọdé máa ń yára fò ó. Ta ni ó rọ irin? Alágbẹ̀dẹ ni. Ta ni ó da idẹ? Ta ni ó pa awọ tí ó sì rán an? Gbogbo ohun tí ó wà lára ẹ̀dá inú igbó yìí, iṣẹ́ ọwọ́ ará ìlú ni. Kò fi ewé bora, kò fi èèpo igi ṣe ìbàntẹ́. Òye tí èmi rí fà yọ níbẹ̀ ni pé àgbákò kì í ṣe àlejò tí ó ti ibi jíjìnnà wá. Aṣọ tiwa ni ó ń wọ̀. Láti inú òwò wa, láti inú ìrìnàjò wa, láti inú ọ̀rẹ́ tí a yàn ni ó ti ń yọ sí wa. Ayàwòrán tí ó bá ya Àgbákò ní ìhòòhò bí ẹranko ti gbàgbé ìdajì ọ̀rọ̀ náà.

Ẹ wá wo ojú rẹ̀. Mẹ́rìndínlógún ni, wọ́n sì yí orí rẹ̀ ká. Yorùbá tí ó bá gbọ́ mẹ́rìndínlógún yóò rántí àwọn aláwo àti olójú odù mẹ́rìndínlógún. Ohun tí nọ́ńbà yẹn ń sọ ni pé ẹ̀dá yìí fẹ́ kí a gbà pé kò sí ibi tí òun kò rí: kò sí ẹ̀yìn tí ọdẹ lè gbà yọ sí i, kò sí ẹ̀gbẹ́ tí ó lè sá gbà. Ọkàn ẹni tí ìdààmú bá bá máa ń rí bẹ́ẹ̀ gan-an. Gbogbo ọ̀nà yóò dà bí èyí tí ó ní ojú.

Ṣùgbọ́n Mùsùlùmí ní ohun kan tí ó lè bá ojú wọ̀nyí sọ. Ojú tí a lè kà ní òpin. Bí mẹ́rìndínlógún ti pọ̀ tó, a rí i kà, ohun tí a bá sì rí kà, ó ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ọlọ́hun nìkan ni Al-Basíìr, Ẹni tí ó ń rí ohun gbogbo láìlo ojú bí tiwa. Ọmọ tí a bá jókòó tì tí a sì sọ èyí fún lórí ojú ìwé náà, ẹ̀kọ́ táwúhíìdì ni ó gbà níbẹ̀, láti ara àwòrán tí a fẹ́ fi bébà lẹ̀ pa.

Ohun tí ojú ìwé kò lè gbà

Ibí yìí ni iṣẹ́ ayàwòrán ti le. Ọ̀rọ̀ lè sọ pé ojú mẹ́rìndínlógún yí orí ká, kí ó sì tán síbẹ̀. Bébà ńkọ́? Pẹlẹbẹ ni bébà, kò ní ẹ̀yìn. Bí ayàwòrán bá ya orí náà bí ó ti yẹ, apá kan nínú àwọn ojú náà yóò sápamọ́ sẹ́yìn orí. Bí ó bá kó gbogbo wọn wá síwájú kí a lè kà wọ́n, kò ya ohun tí ìwé sọ mọ́. Èyí tí ó bá yàn ni yóò sọ irú ayàwòrán tí ó jẹ́ fún wa. Ẹni tí ó kó gbogbo ojú síwájú fẹ́ kí ẹnu yà wá. Ẹni tí ó fi díẹ̀ pa mọ́ mọ̀ pé ohun tí a kò rí ni ó máa ń ba ènìyàn lẹ́rù jù. Ẹ ṣí ẹ̀dà tí ó wà lọ́wọ́ yín, nítorí àwòrán ìtẹ̀jáde kan lè yàtọ̀ sí ti òmíràn, kí ẹ sì ka ojú náà pẹ̀lú ọmọ yín. Iye tí ẹ bá kà, iye tí ó kù tí ẹ kò rí, ẹ jọ sọ̀rọ̀ lé e lórí.

Ohun kejì ni àkókò. Ọ̀rọ̀ máa ń mú ènìyàn rìn díẹ̀díẹ̀: ó gbọ́ nípa irin, ó gbọ́ nípa idẹ, kí ó tó kan ojú. Àwòrán kì í ṣe sùúrù bẹ́ẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni yóò dà sójú ẹni lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọ tí ó bá sì ń ṣí ìwé, àwòrán ni yóò kọ́kọ́ rí kí ó tó ka ọ̀rọ̀ tí ó yí i ká. Ìbẹ̀rù ti wọlé kí àlàyé tó dé. Èyí ni ìdí tí àwòrán fi nílò àgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ju ọ̀rọ̀ lọ.

Ohun kẹta ni dúdú àti funfun. Àwòrán Onobrakpeya inú ìwé 1968 kò ní àwọ̀ mìíràn. Ó fẹ́ràn láti fi ilà wẹ́wẹ́ àti bátànì kún ara ohun tí ó bá yà, aṣọ ni, igi ni, ara ẹ̀dá ni. Ohun tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ máa ń ṣe sí ojú ni pé kò ní jẹ́ kí a tètè mọ ibi tí ènìyàn parí sí àti ibi tí igbó ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan lè ka èyí sí àléébù. Èmi rò pé ó bá ìtàn náà mu dáadáa. Ta ni ọdẹ yìí? Ọmọ àjẹ́ ni, oògùn sì ni orúkọ rẹ̀. Igbó tí ó ń bẹ̀rù ti wà lára rẹ̀ láti ilé. Bí ilà tí ó wà lára igi bá jọ ilà tí ó wà lára aṣọ ọdẹ, ayàwòrán ń sọ fún wa láìlo ọ̀rọ̀ pé ẹni tí ó ń bá iwin jà kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí iwin. Èyí yẹ ní ríronú fún ọ̀dọ́ tí ó ń di ońdè mọ́ra nítorí pé ó ń bẹ̀rù àwọn tí wọ́n ní ońdè.

Erékùṣù tí ẹnikẹ́ni kò ti ń sá

Ẹnì kan lè wí pé, “Ẹ̀dá abàmì ni gbogbo rẹ̀ ṣáà jẹ́, ẹ̀rù ni ó máa ń mú wá.” Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a kúrò nínú igbó Fágúnwà díẹ̀, kí a lọ wo ìwé tí Mùsùlùmí yà.

Ní oṣù Ràmàdáánì ọdún 634 ti Híjírà, èyí tí ó bọ́ sí 1237, Yahyà al-Wásítì, ọmọ ilẹ̀ Ìráàkì, parí ẹ̀dà ìwé *Màkámáàtì* ti al-Harírì. Òun fúnra rẹ̀ ni ó kọ ọ́, òun náà ni ó ya àwòrán inú rẹ̀. Ìwé náà wà ní ilé ìkàwé ìjọba ilẹ̀ Faransé ní Paris. Nínú ìtàn kan níbẹ̀, àwọn arìnrìnàjò wọ ọkọ̀ ojú omi, ìjì jà, wọ́n sì sá gúnlẹ̀ sí erékùṣù kan. Nínú ààfin tí ó wà níbẹ̀, obìnrin kan ń rọbí, ọmọ kò sì bọ̀rọ̀ wá.

Ẹ wo bí al-Wásítì ṣe ya erékùṣù náà. Ọkọ̀ fi orí yọ létí àwòrán. Ẹja wà nínú omi. Igi so èso, ọ̀bọ wà lórí igi, ẹyẹ wà lórí ẹ̀ka. Nísàlẹ̀ igi, ẹyẹ kan dúró tí ó ní ojú ènìyàn, ẹranko kan sì wà níbẹ̀ tí ara rẹ̀ dà bí ti kìnnìún, tí ó ní ìyẹ́, tí orí rẹ̀ sì jẹ́ ti ènìyàn. Al-Harírì kò kọ nípa ẹ̀dá méjèèjì yìí rárá. Ayàwòrán ni ó fi wọ́n kún un.

Ẹ̀dá abàmì ni wọ́n bí Àgbákò, ṣùgbọ́n kò sí ìbẹ̀rù níbẹ̀. Kí ló dé? Ìdí àkọ́kọ́ ni pé wọn kò tóbi ju igi àti ẹja tí ó yí wọn ká lọ débi tí wọn yóò fi jẹ gàba lé wọn lórí. Ìdí kejì ni pé wọn kò lé ẹnikẹ́ni, ẹnikẹ́ni kò sì sá fún wọn. Ìdí kẹta ni pé kò sí ibi tí ó ṣókùnkùn. Wọ́n dúró bí onílé tí ó ń wo àlejò tí ọkọ̀ gbé dé. Ìdákẹ́jẹ́ tí al-Wásítì fi síbẹ̀ dà bí ìsinmi fún ẹni tí ó bọ́ lọ́wọ́ ìjì, kí ó tó gbọ́ igbe obìnrin tí ó ń rọbí. Ó tún ń sọ pé ilẹ̀ Ọlọ́hun gbòòrò ju ohun tí a ti rí lọ.

Nítorí náà, kì í ṣe ojú tí ó pọ̀ tàbí ìyẹ́ tí ó hù níbi tí kò yẹ ni ó ń dá ìbẹ̀rù sílẹ̀. Bí a ṣe tò wọ́n ni: ta ni ó tóbi, ta ni ó kéré, ibo ni ó dúdú, ta ni ó kọjú sí wa. Ẹni tí ó bá mọ èyí yóò mọ ìgbà tí àwòrán bá fẹ́ tàn án. Ẹ wo àwọn páálí fíìmù Yorùbá tí ó gbòde láti àwọn ọdún 1990, àwọn tí wọ́n fi ojú pupa àti eyín ẹ̀jẹ̀ ṣe ọ̀ṣọ́. Kò sí ohun tí wọ́n fẹ́ kí a rò. Owó àpò wa ni ojú wọn wà lára.

Òkúta Èsìẹ́ kò ní ìbínú lójú

A kò ní láti lọ sí Paris kí a tó kọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Ní Èsìẹ́ tiwa níbí, ère òkúta tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún kan wà. H. G. Ramshaw ti ìjọ CMS ni ó jẹ́ kí àwọn ará ìta gbọ́ nípa wọn ní 1933, ní 1945 ni a sì ṣí mùsíọ́ọ̀mù síbẹ̀, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ìtàn tí ọmọdé Ìgbómìnà máa ń gbọ́ ni pé àlejò ni àwọn ènìyàn wọ̀nyí, wọ́n ṣẹ̀, a sì sọ wọ́n di òkúta.

Bí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ gbàgbé ìtàn náà fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ẹ kàn wò. Púpọ̀ nínú wọn jókòó lórí àpótí. Wọ́n ṣe irun wọn lọ́ṣọ̀ọ́, ilà wà lójú ọ̀pọ̀ wọn. Àwọn kan gbé ọwọ́ lé orúnkún, àwọn kan di idà mú, àwọn kan mú ohun èlò orin lọ́wọ́. Ẹ̀rù kò bà wọ́n, wọn kò sì sá. Ẹni tí ìbínú ká mọ́ lójijì kò ní jókòó pẹ̀lú irú ìfarabalẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n jọ àwọn tí wọ́n péjọ sí ibi ọlá. Ìtàn sọ ìjìyà, òkúta fi iyì hàn. Èyí kò túmọ̀ sí pé kí a ju ìtàn nù. Ohun tí ó túmọ̀ sí ni pé ìtàn tí a bá kọ́kọ́ gbọ́ máa ń di gíláàsì sí wa lójú, a kò ní rí ohun tí ó wà níwájú wa mọ́. Yorùbá ní ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ojú náà, kí a tó gbọ́ ohun tí àwọn ènìyàn sọ nípa rẹ̀, kí a sì padà wò ó lẹ́ẹ̀kejì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn wọ̀ ọ́

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní, “Àwọn ère wọ̀nyẹn, ṣé wọn kì í bọ wọ́n ni?” Wọ́n bọ wọ́n, wọ́n sì ní ọdún tí wọ́n ń ṣe fún wọn. Ìdí nìyí tí ìkìlọ̀ Ànábì Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, lórí àwọn tí ń ṣe ère àti àwòrán kò fi jẹ́ ohun eré. Àwọn hàdíìsì náà wà nínú Bùháárì àti Múslímù. Iṣẹ́ tèmi kì í ṣe fátíwà; ẹ bi àwọn alfa yín. Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n pẹ̀lú ìtàn méjì yìí lọ́wọ́.

Nínú èkíní, Nánà Áíṣà, kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i, ta aṣọ tí ó ní àwòrán sínú ilé, Ànábì kò sì fẹ́ ẹ. Ó gé aṣọ náà, ó fi ṣe ìrọ̀rí, wọ́n sì ń jókòó lé e. Nínú èkejì, tí ó wà nínú Abú Dáwúdà, Ànábì rí àwọn ọmọlangidi tí Nánà Áíṣà fi ń ṣeré, ó rí ẹṣin kan láàárín wọn tí ó ní ìyẹ́ méjì tí a fi aṣọ ṣe. Ó bi í pé ẹṣin wo ni ó ní ìyẹ́. Ó dá a lóhùn pé ṣé kò gbọ́ pé àwọn ẹṣin Ànábì Sulaimánà ní ìyẹ́ ni? Ànábì rẹ́rìn-ín títí tí eyín ọ̀gán rẹ̀ fi hàn.

Ilé kan náà ni, ìdájọ́ méjì ni. Ọ̀kan so mọ́ ibi tí ojú ń gbé e ga. Èkejì wà lọ́wọ́ ẹni tí ó ń ṣeré, ó sì ní ìtàn tí ó lè fi ṣàlàyé rẹ̀. Ẹ kíyèsí i pé Ànábì béèrè ọ̀rọ̀ kí ó tó rẹ́rìn-ín. Ó fún Nánà Áíṣà láàyè láti túmọ̀ ohun tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọ̀nà Ìmáàmù Málíkì tí ọ̀pọ̀ wa ń tọ̀ ní Kwara, ọ̀pọ̀ onímọ̀ ya ère tí ó ní òjìji sọ́tọ̀ kúrò lára àwòrán pẹlẹbẹ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò ní kí a fi àwòrán kún ilé.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù, òun gan-an ni ó mú mi kọ gbogbo èyí. Àlùkùráánì Alápọ̀n-ọ́nlé jẹ́ kí a mọ̀ pé àlùjànnú wà, Súrà kan sì ń jẹ́ orúkọ wọn. Ó tún kọ́ wa nínú Súrà Al-Aráàfù pé Ṣèétánì àti àwọn ìran rẹ̀ ń rí wa láti ibi tí àwa kò ti lè rí wọn. Bí a kò bá rí wọn, ta ni ó lè yà wọ́n? Kò sí. Ẹni tí ó ya Àgbákò kò ya àlùjànnú. Ìbẹ̀rù ọmọ ènìyàn ni ó yà, ó fún un ní ìrísí kí a lè wò ó. Bàbá tí ó ń fi bébà lẹ ojú àwòrán náà gbà lọ́kàn rẹ̀ pé ohun kan ń wo ọmọ òun láti inú ìwé. Ìgbàgbọ́ yẹn gan-an ni ó yẹ kí a bẹ̀rù, nítorí òun ni ó ń gbé ọ̀dọ́ dé ẹnu ọ̀nà babaláwo àti ti oníṣègùn tí ó fi ewì kéwú bojú.

Bí a ó ṣe kà á nílé

Bí ọmọ bá mú ìwé náà dé, ẹ jókòó tì í lẹ́yìn ìrun Ìṣáì. Ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta. Àkọ́kọ́, kí ni o rí? Kí ó má tíì sọ ìtàn, kí ó sọ ohun tí ojú rẹ̀ bà. Èkejì, kí ni ó mú kí ó bà ọ́ lẹ́rù? Ẹ jẹ́ kí ó fi ìka tọ́ka sí i: ṣé ìwọ̀n rẹ̀ ni, ṣé ibi tí ó dúdú ni, àbí ojú tí ó kọ sí wa? Ìbẹ̀rù tí ọmọ bá ti fi ìka kàn ti dín kù. Ẹ̀kẹta, kí ni ìwé sọ tí àwòrán kò sọ? Ibẹ̀ ni kí ẹ ti ka ọ̀rọ̀ náà jáde fún un.

Ìbéèrè kẹta yìí ni ó ṣe pàtàkì jù fún ìwé Fágúnwà. Ọmọ tí ó bá wo àwòrán nìkan yóò rò pé ìjà ni ìwé náà. Bẹ́ẹ̀, àwọn ọdẹ yẹn kò lọ sí Òkè Lángbòdó láti jà. Ọba ni ó rán wọn, wọ́n sì rìn títí wọ́n fi dé ọ̀dọ̀ Ìrágbèje onílé ojú méje, ẹni tí ó jókòó tì wọ́n fún ọjọ́ méje tí ó ń kọ́ wọn lọ́gbọ́n nípa ọmọ títọ́, ìwà àti ìgbé ayé. Kò sí tàdáwà tí ó lè ya ìmọ̀ràn. Ìjà rọrùn láti yà, nítorí náà ni ó ṣe gba ojú ìwé. Ọgbọ́n kò ní ojú mẹ́rìndínlógún, nítorí náà ni ó ṣe wà nínú ọ̀rọ̀. Òbí tí ó bá gba ìwé náà lọ́wọ́ ọmọ nítorí Àgbákò ti gba Ìrágbèje lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú.

Ọ̀rọ̀ wa kò gùn ju báyìí lọ. Kí Ọlọ́hun la ojú àwọn ọmọ wa sí ohun tí ó tọ́, kí Ó sì ṣọ́ wa lọ́wọ́ àgbákò, ti inú ìwé àti ti ojú títì. Ààmíín.